Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí wọ́n bá fẹ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ikú ojú títì yóò dín kù?

Lẹ́tà lórí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin pọ̀ ju ti ọ̀rọ̀ mìíràn lọ lórí tábìlì wa lásìkò yìí, nítorí náà a fi gbogbo ojú ewé yìí jìn wọ́n. Fún ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà náà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pinnu láti sọ ọ́ di alábala méjì, ìyẹn ni pé kí àwọn tó ń lọ ní títì tiwọn, kí àwọn tó ń bọ̀ náà ní tiwọn, wọ́n pín iṣẹ́ rẹ̀ sí mẹ́ta: Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin. Ìpín àkọ́kọ́ àti ìkẹta ni ọkọ̀ ti kọ́kọ́ ń gbà. Ti àárín, tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 52, ni ó falẹ̀ jù lọ, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà yìí dá lé.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Òwò ni mò ń ṣe láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn. Gbogbo ènìyàn ní bí wọ́n bá ti fẹ ọ̀nà tán, ìjàǹbá tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń gbé wa ní títì tó bá dán ló ń pa ènìyàn jù, nítorí eré àsápajúdé. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn?
*Ìyá oníṣòwò kan, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ẹ kú ọjà, Màmá. Àwọn dẹ́rẹ́bà yín kò parọ́, àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fẹ ọ̀nà náà kò sì ṣìnà. Irú fífẹ̀ tí à ń sọ ni ó yẹ kí a bi ara wa. Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ènìyàn ṣe ń kú lójú ọ̀nà àtijọ́ yẹn.

Títì alábala kan ni. Lórí irú títì bẹ́ẹ̀, ìlà funfun lásán ni ó wà láàárín ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, níbi tí ìlà náà kò bá tíì parẹ́. Tírélà tó kó àlùbọ́sà tàbí màlúù bọ̀ láti Òkè-Ọya, tàbí táńkà tó gbé epo láti Èkó lọ sí àríwá, lè máa fa ara rẹ̀ gun òkè ní eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, kí ọkọ̀ kéékèèké sì tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan nínú wọn yóò yọ sí ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ kí ó lè ṣe ofatéèkì. Bí ó bá gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti kọjá ọkọ̀ gígùn náà, tí òun àti ẹni tó ń bọ̀ sì ń sá eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, olúkúlùkù wọn yóò ti jẹ nǹkan bíi mítà 280 nínú ọ̀nà kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá náà tó pé. Nípa bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè rí iwájú dé ibi tó ju mítà 550 lọ kí ó tó yọ imú ọkọ̀, kí ó sì dá a lójú pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ibo ni ènìyàn ti fẹ́ rí ọ̀nà jìnnà tó bẹ́ẹ̀ níbi tí kọ́nà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti koríko gíga ti ń dí ara wọn lọ́wọ́? A máa ń bú awakọ̀ pé orí rẹ̀ dàrú, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ni ó di ìṣirò tí ojú lásán kò lè ṣe rù ú, tí ó sì ń dì í rù ú lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn gbogbo tírélà tó bá bá pàdé.

Ohun tí ọ̀nà alábala méjì ń ṣe ni pé ó gba ìṣirò náà lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá tírélà yóò bọ́ sí ipa ọkọ̀ kejì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dojú kọ ibì kan náà ń gbà, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Bí ilẹ̀ koríko tó fẹ̀ tàbí ògiri kọ́nkéré bá wà láàárín, ìforísọra ojúkojú, èyí tí ó máa ń pa èrò ọkọ̀ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá. Ìdí nìyí tí àwa náà fi wà lẹ́yìn àwọn tó ń béèrè fún un.

Ṣùgbọ́n irú fífẹ̀ kan wà tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ́wọ́ gbà. Òun ni pé kí wọ́n dá ọ̀dà kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì àtijọ́, kí ó fẹ̀ gbàràgàdà, láìfi ohunkóhun pín àárín rẹ̀. Ojú máa ń rí títì bẹ́ẹ̀ kí inú dùn, olóṣèlú sì lè fi ya àwòrán. Ohun tí àwọn awakọ̀ ń fi ṣe ni pé wọ́n ń dá ipa ọkọ̀ kẹta sílẹ̀ láàárín, tí ẹni tó ń lọ rò pé òun ló ni ín, tí ẹni tó ń bọ̀ náà sì rò bẹ́ẹ̀. Ìforísọra tí a rò pé a ti lé lọ ṣì wà níbẹ̀, eré tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ ni a kàn fi kún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà yín ti wọlé nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí eré tí àwọn ọkọ̀ ń sá lójú ọ̀nà kan bá fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ewu ìjàǹbá tó ń la ikú lọ ń fi nǹkan bíi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bí ọ̀nà tuntun bá wá sọ eré tó wà ní kìlómítà 80 tẹ́lẹ̀ di 88, tí kò sì sí ohun mìíràn tó yí padà, ewu ikú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé sí i. Pípín ọ̀nà sí méjì lágbára tó láti borí èyí, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ yóò máa jò lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣọ́ eré. Òfin ìrìnnà wa sì gba eré láàyè nígbà tí ọ̀nà bá yí padà: ọkọ̀ aládàáni tó yẹ kí ó dúró lórí kìlómítà 80 ní ọ̀nà lásán lè sá 100 ní òpópónà márosẹ̀, ọkọ̀ èrò ń kúrò lórí 80 bọ́ sí 90, tírélà àti táńkà, tí 50 wà fún tẹ́lẹ̀, ń bọ́ sí 60. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín 60 àti 100 yẹn dáadáa, Màmá, nítorí láti ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ti ń wọ abẹ́ tírélà lórí márosẹ̀, ní òru pàápàá, nígbà tí tírélà kò ní iná ẹ̀yìn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ń fi òfin mú àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù láti de ẹ̀rọ tó ń dín eré kù mọ́ ọkọ̀ wọn. Bí ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ bá ní ẹ̀rọ náà, ẹ bi dẹ́rẹ́bà bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni etí títì. Ìwọ̀n tí a sábà máa ń fún ọ̀nà ńlá ìjọba àpapọ̀ ni mítà 7.3 fún ojú títì, pẹ̀lú mítà 2.75 ní etí kọ̀ọ̀kan. Etí yìí ni ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ yẹ kí ó yà sí, ibẹ̀ náà ni ẹni tí taya rẹ̀ bá bẹ́ yẹ kí ó rí àyè gbé e kalẹ̀. Bí òjò bá ti jẹ ẹ́ tán, tí ó di gẹ̀gẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà, taya tó bá yẹ̀ sí i yóò há, awakọ̀ yóò fi agbára fa ọwọ́ ọkọ̀ padà, ọkọ̀ yóò sì fò sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì tàbí kí ó yí gbirigbiri. Tírélà tó bàjẹ́ kò sì ní ibi tí yóò yà sí, àárín títì ni yóò dúró, tí wọn yóò já ewé sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì. Bí a bá fẹ ọ̀nà tí a kò sì tún etí rẹ̀ ṣe, ìdajì iṣẹ́ ni a ṣe.

Ẹ̀yin olóòtú, abúlé wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tuntun náà. Oko wa wà ní apá kan, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà ní apá kejì. Títì kan tí à ń sọdá tẹ́lẹ̀ ti di méjì. Báwo ni àwọn ọmọ wa àti àwọn arúgbó yóò ṣe máa kọjá, tí a kò fi ní í máa gbé òkú?
*Àgbẹ̀ kan, lẹ́bàá ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́*

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ìbéèrè yín yìí ni a rò pé ó le jù nínú gbogbo ohun tó wà níwájú wa, nítorí pé ẹni tí ọ̀nà náà ń ṣe láǹfààní, tó ń ti Ìlọrin lọ sí Ìbàdàn, kì í ṣe ẹni tí yóò san owó rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá àgbà kan tó ń rìn ní mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó nílò ju ìṣẹ́jú àáyá méje lọ láti sọdá abala títì kan tó jẹ́ mítà 7.3. Láàárín ìgbà náà, ọkọ̀ tó ń sá eré kìlómítà 100 yóò ti rin igba mítà. Bí kọ́nà kan bá wà ní àádọ́jọ mítà sí ibi tó dúró sí, kò sí bí ó ṣe lè ṣọ́ra tó, ọkọ̀ tí kò rí rárá nígbà tó gbé ẹsẹ̀ ni yóò bá a lójú títì. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ náà kò ní í lè dúró: ní eré 100, láti ìgbà tí ojú bá ti rí ewu títí dé ìgbà tí ọkọ̀ yóò fi dúró jẹ́ẹ́, nǹkan bíi mítà 185 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ya àwòrán ọ̀nà. Ní eré 80, ó jẹ́ mítà 130. Bí ọkọ̀ bá sì gbá ẹlẹ́sẹ̀, ewu ikú rẹ̀ ní eré kìlómítà 65 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ ti eré 50, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí. Èyí ni ìdí tí òfin fi ní kí ọkọ̀ kékeré má ṣe ju 50 lọ láàárín ìlú, kí tírélà má sì ju 45 lọ. Pátákó lásán kò tó láti mú kí wọ́n gbọ́. Àwọn ìlà tó ga díẹ̀ tí taya ń hó lórí wọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà sí abúlé, ni ó ń jí awakọ̀. A kò fẹ́ bọ́ǹpù ńlá lójijì lórí márosẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí kò bá rí i lóru yóò fò, àwọn tó ń tajà yóò sì sọ ibẹ̀ di ọjà.

Ọ̀nà abẹ́ títì ni àwa fẹ́ jù fún irú abúlé yín. Níbi tí wọ́n bá ti kó ilẹ̀ gbé títì sókè, tàbí níbi tí odò kékeré ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó rọrùn láti sọ ihò omi náà di ńlá tàbí láti fi òmíràn kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ènìyàn, ẹran ọ̀sìn àti ọ̀kadà lè gbà á kọjá láìgun òkè. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ìgbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ ni ó rọrùn. Bí wọ́n bá ti dá ọ̀dà tán, iye tí yóò náni láti gbẹ́ ẹ yóò di ohun mìíràn. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ dára níbi tí ọjà tàbí ilé ẹ̀kọ́ ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, ṣùgbọ́n ìyá tó ru igi lórí kò ní í gun àtẹ̀gùn ọgọ́ta láti dé òdìkejì nígbà tó rí i pé òun lè fo ògiri kọ́nkéré. Bí wọn yóò bá ṣe afárá, kí wọ́n ṣe é ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dípò àtẹ̀gùn, kí wọ́n sì gbé e sí ibi tí ẹsẹ̀ ti là tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ibi tó wu agbaṣẹ́ṣe.

Ẹ tún bi wọ́n nípa ibi tí ọkọ̀ yóò ti máa yí padà. Bí àlàfo tí a lè gbà yí padà bá wà ní kìlómítà mẹ́rin síwájú, ọlọ́kadà tí oko rẹ̀ wà ní ọ̀ọ́dúnrún mítà lẹ́yìn kò ní í rin kìlómítà mẹ́jọ nítorí ìyẹn. Wọ́n-wéè ni yóò gbà. Ìforísọra ojúkojú tí a fi owó gọbọi lé jáde ní ẹnu ọ̀nà iwájú yóò wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, lóru, láìní iná. A ti rí èyí lórí àwọn òpópónà márosẹ̀ wa, ìjìyà nìkan kò sì mú un kúrò. Ọ̀nà kékeré tó bá títì ńlá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọn ará abúlé lè máa gbà láàárín ara wọn, ni ó ń mú un kúrò.

Ẹ má ṣe dúró kí wọ́n parí iṣẹ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Òfin kan wà láti ọdún 1992 tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká wò, òpópónà márosẹ̀ sì wà lára àwọn iṣẹ́ tí ó kàn. Òfin náà fún ará ìlú láǹfààní láti sọ èrò wọn kí ìpinnu tó wáyé. Kí baálẹ̀ yín kọ̀wé, kí ó fi àwòrán ibi tí ẹ̀ ń gbà sọdá hàn, kí ó sì gba ìwé ìjẹ́rìí pé wọ́n gba lẹ́tà náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí. Owó alábala méjì pọ̀, ọdún rẹ̀ sì gùn. Kí ni a lè ṣe sí àwọn ọ̀nà ìgbèríko tó pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní í sọ di alábala méjì lójú ayé wa?
*Olùkàwé kan, Ìbàdàn*

Orílẹ̀-èdè kan tó ti jìyà irú ọ̀nà yìí rí, tó sì wá ojútùú tí kò gba ilẹ̀ púpọ̀, ni Swídìn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìgbèríko tó fẹ̀ tó mítà 13: ipa ọkọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3.75, àti etí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 2.75. Ọ̀nà tó fẹ̀, tó tẹ́jú, tó sì dán ni, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń kú lórí wọn, nítorí pé kò sí ohun tó pín àárín. Ìwọ náà rí i pé fífẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wọn. Ní ọdún 1997, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn gbà pé kò yẹ kí ikú ojú títì jẹ́ ohun tí a fara mọ́. Ní ọdún 1998, wọ́n dán nǹkan tuntun wò lórí ọ̀nà E4 ní àríwá ìlú Gävle. Wọn kò fẹ ọ̀nà náà rárá. Wọ́n tún ìlà rẹ̀ kùn kí ó di ipa ọkọ̀ mẹ́ta, wọ́n sì fi okùn irin tó lágbára, tó wà lórí òpó irin, pín àwọn tó ń lọ sí àwọn tó ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan yóò ní ipa méjì fún kìlómítà kan sí méjì ààbọ̀, kí ó lè ṣe ofatéèkì láìséwu. Lẹ́yìn náà ipa kejì yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ̀ tó bá yẹ̀ sí àárín, okùn irin ni yóò gbá a mú, kì í ṣe ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ikú lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dín kù ní nǹkan bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, wọ́n sì tan ètò náà ká orílẹ̀-èdè wọn.

Wá bá mi ṣírò nǹkan kan. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ wa tó jẹ́ mítà 7.3, pẹ̀lú etí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.75, jẹ́ mítà 12.8 lápapọ̀. Díẹ̀ ni ó fi dín sí ti Swídìn. Lórí ìwé, àyè ti wà. Ohun tí kò sí ni etí títì tó le tó láti ru tírélà. Èmi tí mò ń dáhùn kò rò pé a lè kó ètò Swídìn wá bó ṣe rí, nítorí pé níbi tí ipa ọkọ̀ kan ṣoṣo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn irin, tírélà ẹyọ kan tó bàjẹ́ lè ti gbogbo ọ̀nà pa láti àárọ̀ di alẹ́, a kò sì ní ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tó pọ̀ tó lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá sì jí òpó irin rẹ̀ tà yóò ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n a lè mú ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ lò níbi tó ti pọn dandan: kí wọ́n fi ipa ọkọ̀ kan kún un lórí àwọn òkè gíga, kí tírélà lè máa fà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń kọjá, kí wọ́n fi ògiri pín àárín ní àwọn kọ́nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wọ́n ń pani, kí wọ́n dá ọ̀dà sí etí títì. Iṣẹ́ tó kéré jù, tó sì yá jù, ni pé kí wọ́n máa gé koríko inú kọ́nà, kí wọ́n sì máa tún ìlà kùn pẹ̀lú ọ̀dà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ pàápàá lè bá ìjọba àpapọ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí láìdúró de ètò ìsúná ńlá.

Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ni mí. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà, wọn a ti abala kan pa, wọn a kó gbogbo wa sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù.
*Awakọ̀ kan, Ọ̀yọ́*

Ẹ̀rù yín tọ̀nà. Awakọ̀ tó ti rin ogójì kìlómítà lórí alábala méjì ti gbàgbé pé ẹnikẹ́ni lè dojú kọ òun. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ó sì ti bọ́ sí ọwọ́ òsì láti ṣe ofatéèkì gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Bí àmì pé ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ti jọ ń lo abala kan bá wà ní àádọ́ta mítà péré sí ibi tí wọ́n ti pààlà, ó ti pẹ́ jù fún un. Iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni láti fi àmì síwájú láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Láti fi ìdènà oníke tàbí ti kọ́nkéré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà lóru pín àárín, kì í ṣe òkìtì iyanrìn tàbí àgbá tí kò ní àwọ̀. Àti láti fi ẹni tó ń darí ọkọ̀ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ní tiyín, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá bá ara yín lórí abala tí ìlà ipa ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣe kedere, ẹ dúró ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ má ṣe ṣe ofatéèkì, kí ẹ sì tan iná iwájú kódà bí oòrùn bá ń ràn.

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé àti ṣọ́ọ̀bù ìdílé wa. Àwọn kan ní kí a máa kó ẹrù jáde. Ẹ̀tọ́ wo ni a ní sí owó gbà-má-bínú?
*Olùkàwé kan tó fẹ́ kí a fi ìlú òun pamọ́*

Ọ̀dà pupa ara ògiri kì í ṣe ìwé òfin. Àmì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni. Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà ni ó ní agbára láti gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ padà nítorí àǹfààní gbogbo ènìyàn, ìjọba àpapọ̀ náà sì lè ní kí ó gbà á fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́, ìgbà tí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀tọ́ náà tó parí. Nítorí náà, ìwé ni kí ẹ béèrè fún kí ẹ tó kó ẹrù.

Lórí owó, ẹ má ṣe retí iye tí ilẹ̀ yín yóò tà lọ́jà. Fún ilẹ̀ lásán, iye owó ilẹ̀ tí ẹni tó ni ín san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á nìkan ni òfin ní kí wọ́n san padà. Fún ilé, iye tí yóò náni láti tún irú rẹ̀ kọ́ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò. Bí wọ́n bá sì fi owó náà falẹ̀, èlé gbọ́dọ̀ gorí rẹ̀ ní ìwọ̀n tí báńkì ń lò. Fún kòkó, ọ̀pẹ àti ohun ọ̀gbìn mìíràn, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà fún un bá dá lé e ni. Bí ó bá jẹ́ ilé tí ẹ ń gbé ni, gómìnà lè yàn láti fún yín ní ilé mìíràn dípò owó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù sí. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àwùjọ, ó lè ní kí wọ́n san owó náà fún olórí wọn kí ó lè ná an fún àǹfààní gbogbo wọn, nítorí náà kí ìdílé tètè jọ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ tí yóò wà lórí ìwé.

Ẹni tó bá kọ́lé sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà tẹ́lẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tó lágbára láti fi béèrè owó. Fún ẹni tó wà níta rẹ̀, tí kò sì fara mọ́ iye tí wọ́n kọ fún un, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí lílo ilẹ̀ àti pípín rẹ̀ ni yóò gbé ẹjọ́ náà lọ bá, nítorí òfin kan náà kò gba ilé ẹjọ́ láàyè láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó tàbí kò tó. Ẹ ya àwòrán ilé náà ní inú àti ní ìta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ẹ ka igi ọ̀gbìn yín níṣojú òṣìṣẹ́ tó wá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà gan-an.